Ìléru Tí Kò Tan Ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo dúpẹ́ pé ẹ gbà mí láyè láti dìde láàrin yín. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní bù kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Délé, tí ń ṣa pàǹtí ní ilé iṣẹ́ iná tó wà lẹ́yìn odò. Ìjọ yìí ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, ìjọ yìí náà ló bá mi sin ọkọ mi. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún àwọn tí kò débẹ̀ rí. Pàǹtí tí ẹ ń kó sínú ọ̀rá dúdú sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ̀ wa ni ọkọ̀ ń kó o wá. A ó tú u sórí bẹ́líìtì, a ó ṣa irin, bátìrì àti ohunkóhun tí wọ́n dé pa kúrò, ìyókù á lọ sínú ìléru. Iná ibẹ̀ kì í ṣe iná igi. Ìgò ń yọ́ níbẹ̀, ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná, irin pàápàá ń rọ̀. Ooru rẹ̀ ló ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ló ń mú iná mànàmáná wá, ohun tó bá sì kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ á dì bí òkúta dúdú tó ń dán. Ohun tí ẹ dà nù láàárọ̀ ló ń padà wá tan gílóòbù yín.

Kí ilẹ̀kùn ìléru tó ṣí, ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn á kígbe pé, “Ṣé ó mọ́?” Ẹni tó gbẹ̀yìn lẹ́bàá bẹ́líìtì á dáhùn pé, “Ó mọ́.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tó lè bú gbàmù nínú rẹ̀. Ọkọ mi ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láńre dá a lóhùn pé ó mọ́. Sílíńdà gáàsì kékeré kan wà nínú ọ̀rá. Ọkọ mi ò délé mọ́. Nígbà tó yá, àìsàn mú Láńre náà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè sunkún. Ẹ ń yìn mí pé ọkàn mi le, pé ìgbàgbọ́ ni. Ẹ ṣeun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara mi kàn kú ni, bí ìka tí wọ́n fi okùn dì fún ìgbà pípẹ́.

Délé ọmọ mi ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn báyìí, ní ipò bàbá rẹ̀. Ìyá Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi tí gbogbo wa mọ̀ nínú ìjọ yìí, ló ń gbẹ̀yìn lẹ́bàá bẹ́líìtì. Lẹ́yìn ikú ọkọ mi ni Ìyá Ṣadé bẹ̀rẹ̀ sí gbé omi àdúrà wá síbi iṣẹ́. Á wọ́n ọn sórí pàǹtí, a ó ṣe àmín, a ó wá tú u wò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò dé. Pàǹtí rin gbingbin, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ̀gá sì ń pariwo pé kí a yára, pé ìdádúró wa ń mú kí ìléru tutù. Bí omi àdúrà ṣe ń pọ̀ sí i ni títú ń dín kù. Ìyá Ṣadé á wọ́n omi, á ní ó mọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, “Ohun tí a ti fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò, ta ló tún ń tú u wò?”

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo yà sí ilé àdúrà lọ́sàn-án kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ka sáàmù, mo gbàdúrà fún Délé bí mo ti máa ń ṣe, mo fi orí lé ẹní. Mi ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan dúró tì mí. Aṣọ funfun ló wọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́tí aṣọ náà dúdú fún èédú. Kò wọ bàtà. Ó ní, “Dìde, ká lọ.” Mo dìde. Ẹ̀rù kò bà mí. Mi ò bi í pé níbo.

A dé ibì kan tí ìléru wà, ó ga ju èyíkéyìí tí mo rí rí lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé òkùnkùn ni níbẹ̀. Iná ń jó, mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń hó, síbẹ̀ kò tan ìmọ́lẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tí iná yìí ò mọ́lẹ̀?”

Ó ní, “Tiyín ń jó ìdọ̀tí, ó ń di ìmọ́lẹ̀ fún aládùúgbò yín. Èyí ń jó, kò di nǹkan kan.”

Mo rí àwọn òpùrọ́, bí wọ́n bá ti la ẹnu, èédú ló ń dà jáde. Mo rí àwọn alágbèrè, oníkálukú wọn di ẹ̀yinná mú bí ẹni di ọwọ́ olólùfẹ́ mú, wọn ò sì lè jù ú sílẹ̀. Mo rí àwọn tó da ìdọ̀tí sínú kànga tálákà nítorí pé ẹnu wọn tólẹ̀, wọ́n ń mu nínú kànga náà, òùngbẹ ò sì kúrò. Mò ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọjà ìlú onílùú. Kò ká mi lára.

Lẹ́yìn náà ni mo rí Láńre. Ó jókòó síwájú òkìtì ọ̀rá, ọ̀rá náà pọ̀ débi tí mi ò rí òpin rẹ̀, ó ń tú wọn, irin gbígbóná ni okùn tí wọ́n fi dì wọ́n, bó bá tú ọ̀kan òmíràn á bọ́ lé e lórí, ìka rẹ̀ ń jó ó tún ń hù ó tún ń jó, kò sì dúró, kò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ló ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, “Ṣé ó mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó mọ́?” Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

“Ìyá Délé,” ó ní, “ṣé ó mọ́?”

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ fún ọkùnrin yìí. Inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́. Mo kọjá.

Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó lé e. Ìgò omi àdúrà wà lórí rẹ̀, mo sì mọ ìgò náà, nítorí èmi ni mo fi í fún Ìyá Ṣadé.

Ọkùnrin náà ní, “Ẹni tó ni ín ṣì wà láyé. Àdúrà kì í tú okùn ọ̀rá.”

Nígbà náà ni a kúrò níbẹ̀. Mo rí ìmọ́lẹ̀ níwájú, ó rọ̀, kò ta mí lójú. Ọkùnrin náà sọ pé ìwọ̀sí tí àwọn olóòótọ́ gbà láyé, omijé wọn àti làálàá tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, òun ni wọ́n fi tan án. “Ohun tí ayé kó dà nù ni.” Ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò wo aṣọ wa. Ọwọ́ ló ń wò. Àwọn tó ń wọlé ń na ọwọ́ sí i, ọwọ́ tó le koko, tí ìdọ̀tí wà ní abẹ́ èékánná, ó sì ń di ọwọ́ náà mú gẹ́gẹ́ bí ó ti rí.

Ọkọ mi jókòó sínú, ó sinmi. Ó rí mi. Mo dúró kí ẹkún dé, ẹkún ò dé.

Ó ní, “Má wulẹ̀ fipá sunkún. Lọ wo ọmọ.”

Mo jí. Oòrùn ti yẹ̀ lórí. Mo gbé ìbọ̀wọ́ mi, mo lọ sí ibi iṣẹ́.

Ìyá Ṣadé ti wà lẹ́bàá bẹ́líìtì, ó gbé ìgò náà lọ́wọ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mo rí ìran.”

“Lọ́sàn-án gangan? Ṣé ìran ni àbí ẹ̀wà tó o jẹ?” Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

“Mo rí ìjókòó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín.”

“Lọ́run?”

“Rárá.”

Ẹ̀rín tán. Ó wò mí tìtì. “Ìyá Délé, nítorí pé ọkọ rẹ kú, ṣé gbogbo wa lo fẹ́ kó lọ sí ọ̀run àpáàdì ni?”

“Ẹ fi ọwọ́ yín hàn mí.”

Ó nà án. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ funfun bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

“Ó dáa,” ó ní, “wá wò ó, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.” Ó fa ọ̀rá kan ya, ó ki apá bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. “Ewé mọ́ínmọ́ín rè é. Ìtẹ́dìí ọmọ rè é. Bàtà ẹni tí kò mọ bàtà rà rè é. Èyí ni—”

Ó fi ọwọ́ kejì kún un.

Ohun tó fà jáde wà nínú àkísà. Ó tú u. Sílíńdà kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Délé kígbe láti òkè pé, “Ṣé ó mọ́?”

Ìyá Ṣadé rọra gbé sílíńdà náà sílẹ̀, ó jìnnà sí bẹ́líìtì.

“Mọ́mì Ṣadé, ṣé ó mọ́?”

“Rárá, ọmọ mi,” ó ní. “Kò tíì mọ́. Má ṣí i.”

Mo rò pé màá sunkún nígbà náà. Mi ò sunkún. Ṣùgbọ́n ooru ìléru fẹ́ kàn mí lójú, ó sì ta mí lára. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n lára kẹ́yìn. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ìyá Ṣadé fúnra rẹ̀ ló ní kí n dárúkọ òun fún yín. Òun ló jókòó síwájú yẹn, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ má dẹ́kun àdúrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣe àmín tán, ẹ tú okùn náà, ẹ fi ọwọ́ yín wò ó. Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó mọ́, nínú ilé yín, lẹ́nu iṣẹ́ yín, níwájú pẹpẹ yìí, ẹ rántí pé ọmọ ẹnì kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.