Èmi Ni Mo Yọ Àgádágodo, Ìyá Alísì Ló Jìyà Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú. Mi ò kọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo ti pinnu láti sọ ọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi yẹ̀.

Savè, ní ilẹ̀ Benin, ni mò ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ní kí n ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn, níbi tí akọ̀wé abúlé kọ̀ọ̀kan yóò ti máa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gba ọmọ igi kajú. Akọ̀wé Kaboua jẹ́ obìnrin àgbà kan. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìyá Alísì, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an.

Bí akọ̀wé bá wọlé, ìkànnì á ṣí ìwé kan fún un níbi tó ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Ohun tó bá kọ á wà níbẹ̀ títí yóò fi tẹ "Valider", bọ́tìnì tó ń fọwọ́ sí i pé ó ti parí. Bí ọwọ́ kan bá wà nínú ìwé náà, àgádágodo kan tí mo kọ sínú ìkànnì á dá ọwọ́ kejì dúró títí ti àkọ́kọ́ á fi kúrò.

Àgádágodo yìí máa ń jẹ́ kí ìkànnì falẹ̀. Àwọn akọ̀wé ń kùn, ààrẹ ẹgbẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi, mo yọ ọ́. Mo ní ta ni yóò bá ènìyàn kọ̀wé sínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà?

Mi ò béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kaboua. Ìyá Alísì àti ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń jókòó ti ìwé orúkọ abúlé. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn, kálukú pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìwọlé kan náà. Ará ilé kan ni wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ fi méjì ṣe?

Lọ́dún yẹn, ohun tí ìyàwó yìí kọ gorí ti Ìyá Alísì, ó sì pa á rẹ́. Ìdajì orúkọ abúlé pòórá. Nígbà tí òjò dé, tí ọkọ̀ kó ọmọ igi wá, àwọn kan dúró títí, a ò pe orúkọ wọn. Ìdílé kan tó ti bá ọkọ Ìyá Alísì jà lórí ilẹ̀ wà lára wọn. Wọ́n ní Ìyá Alísì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, ààrẹ bi mí lójú gbogbo ènìyàn: "Ṣé ẹ̀rọ lè ṣe èyí fúnra rẹ̀?"

Mo mọ ìdáhùn. Mo ní, "Ẹ̀rọ kì í pa orúkọ rẹ́, ènìyàn ló ń pa á rẹ́." Ẹyin lohùn, ara obìnrin yẹn ni tèmi fọ́ sí. Wọ́n yọ ọ́ nípò níjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo dá àgádágodo padà. Orúkọ kan kò sọnù mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, àtúnṣe mi gan-an ló tún dá a lẹ́bi. Wọ́n ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Láti ìgbà tó ti kúrò níbẹ̀, gbogbo nǹkan ti dára."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pàdé rẹ̀ lọ́jà. Mo rò pé yóò bú mi ni. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó mọ̀ ọ́n, jọ̀ọ́ bá mi wò ó. Ibo ni mo tẹ̀ tí ò dáa? Mo rò ó títí. Bóyá èmi náà ni mo ṣe é lóòótọ́."

Ojú tì mí. Ó ti gba irọ́ mi gbọ́.

Ẹgbẹ́ yóò ṣèpàdé ní Boni lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màá dìde, màá sọ pé èmi ni. Wọn ìbáà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn ìbáà bú mi, màá sọ ọ́.

Ohun kan ni mi ò mọ̀. Ọmọlúwàbí á kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un nílé. Ṣùgbọ́n mo mọ Ìyá Alísì. Yóò gbé mi dìde, yóò dárí jì mí lójú ẹsẹ̀, yóò sì bẹ̀ mí pé kí n má lọ dójú ti ara mi láàárín èrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n lọ? Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá bẹ̀ mí, màá gbà.