Èépá Inú Páìpù Omi Gbígbóná

Nígbà tí Kọ́lájọ dìde nínú ìsìn ìdúpẹ́, gbogbo ìjọ rò pé yóò ṣáà dúpẹ́ tán ni, kó jókòó. Ta ni ò gbọ́ pé ìgbì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé lẹ́bàá Zion Pepe, ìlú kan létí òkun, tí wọ́n fà á yọ láàyè? Ó dúpẹ́ lóòótọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè."

Òun ló ń tọ́jú kànga omi gbígbóná tí àwọn tó ń wa epo rọ̀bì gbẹ́ sílùú ìjọ náà tí wọn ò rí epo. Èépá funfun a máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù rẹ̀, a sì le bí òkúta. Wọ́n kọ́ Kọ́lájọ kó máa da ásíìdì sí i lóṣooṣù, kí èépá náà lè yọ́. Ẹ̀rù òórùn ásíìdì ń bà á, ọ̀lẹ tún wà níbẹ̀. Ló bá ń dà á nù sínú àbàtà. Nígbà tó yá, omi ò jáde mọ́.

Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni fọ ẹja nídìí kànga ìjọ. Àwọn àgbà gbààwẹ̀, wọ́n ní ẹnì kan ti rú òfin. Alàgbà Mátíù, olórí wọn, bi Kọ́lájọ pé, "Ìwọ lò ń ṣọ́ ọ. Ta lo rí?"

"Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín," ni Kọ́lájọ wí fún ìjọ. "Èmi ò kú, mo gbé ẹ̀sín mi fún ẹlòmíì! Mo ní Hánà tó ń yan ẹja ni. Irọ́ ni! Ẹ lé e kúrò nílùú, ó sọkún wọkọ̀, ó ní, 'Kọ́lájọ, Ọlọ́run ń wò wá o.' Ìgbà tó lọ tán ni mo wá da ásíìdì sí i. Omi tú jáde, ẹ̀ ń jó pé ẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò nílùú. Èmi ọ̀dájú, mo bá yín jó! Ṣé ẹ mọ ẹni tó fà mí yọ nínú omi? Hánà ni, Zion Pepe ló ń gbé látìgbà náà. Ó fún mi láṣọ gbígbẹ àti ẹja gbígbóná, kò bi mí ní nǹkan kan. Háà, oore yìí pọ̀! Mo ti lọ gbé e wá, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ dárí jì mí."

Alàgbà Mátíù ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú Hánà. Hánà gbé e dìde, ó sì kọjú sí Kọ́lájọ.

"Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó fà ọ́ yọ. Mo sì dúpẹ́ pé ó ṣojú mi. Àmọ́ ìyá mi kú síbí pẹ̀lú ìtìjú mi. Lọ sọ ọ́ fún òun náà."

Kọ́lájọ lọ sí itẹ́ òkú, ìjọ tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá Hánà, irọ́ ni mo pa. Ọmọ yín ò fọ ẹja níbẹ̀."