Oògùn Ojú Ló Pa Ọkọ Mi, Kì Í Ṣe Àbúrò Rẹ̀

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé ọkọ mi tí kò ní ní kí n panu mọ́. Ọkọ mi ti kú. Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, wà láàyè, ṣùgbọ́n kò fẹ́ rí ilé wa sójú mọ́. Èwo ni kí n sunkún rẹ̀ nínú méjèèjì?

Ìsẹ́yìn ni wá. Aṣọ òkè ni ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ ń hun, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni òfì wọn sì wà. Adúmáadán ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi, torí àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán. Lọ́dún tí àwọn sójà fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, ojú ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kì í mọ òwú dúdú yàtọ̀ sí òwú aláró mọ́. Adúmáadán ló fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fún un ní fítámì kan, hóró rẹ̀ pọ́n bí epo, wọ́n ní tó bá ti tán, kó má lò ó mọ́. Alihamudulilahi! Kó tó tán, ojú ti là.

Ọkọ mi kò fi oògùn náà sílẹ̀. Oníṣòwò kan ń ti ibodè kó oògùn wá, èyí tó lágbára ju tàkọ́kọ́ lọ ló sì ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbé e mì tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Mo ní, "Bàbá Ráfíù, ṣé wọn ò ní kí ẹ dá a dúró ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Oúnjẹ ara ni fítámì, Ìyá Ráfíù. Ta ni oúnjẹ pa rí?" Mo gbà. Ta ni kò ní gbà?

Nígbà tó yá, orí fífọ́ dé. Ètè rẹ̀ ń bó, irun rẹ̀ ń já sórí ìrọ̀rí, eegun ń ro ó. Bí ara ṣe ń ni ín tó ló ń fi kún hóró tó ń lò, ó ní ara òun ń fẹ́ agbára. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ wú bíi ti aboyún, àwọn ará ilé ní májèlé ni. Ta ló ń bá a jẹun nínú àwo kan? Adúmáadán!

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lójú gbogbo ẹbí, ọkọ mi na ìka sí i. "Kí ni mo fi ṣe ọ́, ọmọ ìyá mi, tí o fi ń pa mí díẹ̀díẹ̀?"

Adúmáadán ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi? Èmi tí mo fà yín lọ́wọ́ lọ tọ́jú ojú?"

Kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀. Ìyá wọn gan-an doríkodò. Adúmáadán di ẹrù, ó mú ìyàwó rẹ̀, ó gba ìlú Ìjió lọ. Aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ ṣì wà lórí òfì.

Ìbàdàn la gbé ọkọ mi lọ. Dókítà obìnrin kan ní kí n kó gbogbo ohun tó ń lò wá. Bó ṣe rí ike fítámì yẹn, ó mí kanlẹ̀. "Màmá, èyí ló ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Irú fítámì yìí kì í tètè bá ìtọ̀ jáde. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó jọ sí, bó bá sì ti pọ̀ jù, ó di májèlé."

Ọkọ mi gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kọjú sí ògiri, ó sunkún bí ọmọdé. "Ẹ bá mi pe àbúrò mi." Ohun tó ń sọ náà nìyẹn títí ohùn fi lọ. A ránṣẹ́ sí Ìjió, ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́ dé kí oníṣẹ́ tó padà. Èsì tó mú bọ̀ ni pé Adúmáadán ní òun kò ní ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fítámì bí ẹni ra súìtì, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi, kí ni kí n ṣe? Àwọn àgbà ilé ní kí n má tú àṣírí, pé ìtìjú ni fún ìlú láti gbọ́ pé a parọ́ mọ́ ọmọ wa. Ìyá wọn kò jẹun dáadáa mọ́. Ṣé kí n mú Ráfíù dání, kí a lọ bẹ Adúmáadán ní Ìjió láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Bó bá sì tilẹ̀kùn mọ́ wa ńkọ́?