Àyè Ọ̀rẹ́ Mi Ni Mo Jókòó Sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi bímọ obìnrin, ó sì fi orúkọ mi kún orúkọ ọmọ náà. Ó ní kí ọmọ òun lè fìwà jọ mi ni. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀rẹ́ mi náà ní Sìfáwù. Orúkọ rẹ̀ kọ́. Òkúta la jọ ń fọ́ lẹ́yìn ìlú Erunmu. Abẹ́ tapólì kan náà la máa ń jókòó sí, pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. A ó fọ́ àpáta sí wẹ́wẹ́, àwọn onítípà á wá kó o. Mùsùlùmí ni, ìjọ aláṣọ funfun lèmi ń lọ, ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà la fi ń se oúnjẹ ọ̀sán.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìyànà Ọ̀fà ń wá obìnrin tí wọ́n máa kọ́ níṣẹ́ nọ́ọ̀sì kékeré. Àwa méjèèjì jọ lọ. Màmá tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní ká kàwé sí àwọn létí. Sìfáwù kà á bí ẹni mu omi. Èmi ń kọsẹ̀, mo ń làágùn. Fóònù Sìfáwù ti bàjẹ́, nọ́ńbà mi ló fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì pè. Wọ́n ní, "Sọ fún Sìfáwù kó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹnì kan péré la lè mú. Ìwọ, ṣe sùúrù di ọdún tó ń bọ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Sìfáwù wà nítòsí, ó ń mu omi. Ó ní, "Àwọn ni? Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọn ò mú ẹnikẹ́ni nínú wa."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ó kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí nígbà náà débi pé mo ń fi ọwọ́ tilẹ̀ kí n tó lè dìde. Ẹ̀rù bà mí pé èmi nìkan ni màá ṣẹ́kù sídìí òkúta. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Ajé, mo rò ó dáadáa. Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo lọ bá Màmá Nọ́ọ̀sì. Mo ní Sìfáwù ti bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Ṣakí.

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó mà ṣe o. Ọmọ yẹn wù mí. Ó dáa, ìwọ wọlé."

Mo sọ fún Sìfáwù pé wọ́n tún inú rò, wọ́n pè mí. Ó gbá mi mọ́ra. Ó ní, "Ẹnì kan nínú wa bọ́, alihamudulilahi." Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí pé Olúwa ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ìjọ pariwo halelúyà.

Ẹ̀kọ́ náà le. Ìka tó ti mọ òòlù kò mọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ń pè mí ní Ìyá Olókùúta. Tí mo bá délé, màá máa há orúkọ oògùn sórí bí mo ṣe ń rokà. Ta ló ń bá mi tọ́jú ọmọ mi títí màá fi dé? Sìfáwù ni. Á wẹ̀ fún un, á fún un lóúnjẹ, lẹ́yìn tó ti fọ́ òkúta láti àárọ̀. Á wá ní, "Nọ́ọ̀sì wa, kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" Màá sọ fún un. Inú rẹ̀ á máa dùn bíi pé òun gan-an ló lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onítípà kan gbé Sìfáwù wá sí ilé ìwòsàn wa. Èérún òkúta ti fò wọ̀ ọ́ lójú. Màmá Nọ́ọ̀sì kò sí lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Dókítà wò ó, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi nínú ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí aṣọ iṣẹ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ṣe. Ká ní òkúta la ṣì jọ ń fọ́ ni, ta ni ì bá tọ́jú mi báyìí?"

Mo ní kí awakọ̀ sáré sí i.

Ojú náà fọ́. Wọn ò rí i tún ṣe.

Mo ti parí ẹ̀kọ́ báyìí, mo ti ń ṣiṣẹ́. Sìfáwù padà sídìí òkúta, ibẹ̀ náà ló wà pẹ̀lú oyún títí ó fi kù díẹ̀ kó bí. Tó bá rí mi lọ́nà, á pè mí kíkankíkan, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ni mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo fẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí, mo sì padà. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún un, ìfẹ́ ló sì fi ń wò mí. Ṣé kí n lọ ba ìyẹn náà jẹ́ ni?