Rímù Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn díẹ̀, kí ẹ wá jókòó. Ìyá Labalábá, àga tó ní ìrọ̀rí ni tiyín. Ìwọ Ológìnní, jókòó síbi ẹsẹ̀ ibùsùn, níbi tí mo ti lè rí ojú ẹ. Mo ní òtítọ́ kan láti sọ, kò sì sí ẹni tó máa bá mi sọ ọ́ tí mo bá ti kú. Dókítà ní eruku irin tí mo ti ń fà símú láti ogójì ọdún ti dí ẹ̀dọ̀fóró mi pa. Ó ń rọra sọ ọ́ bí ẹni ń tan ọmọdé mu oògùn. Mo ní, "Dókítà, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ṣíbí mélòó ló kù nínú ìkòkò?" Ó rẹ́rìn-ín. Èsì yẹn yé mi yékéyéké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Tí mo bá dúró pẹ́nrẹ́n, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo mọ ara mi, ojo ni mí.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí Ọ̀gá Onírin, ẹni tó ń jó irin pọ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó máa ń jágbe mọ́ oníbàárà, tó sì tún máa ń bá a ṣàwàdà kó tó lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ológìnní, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ́ nígbà tó o rí eré yẹn nínú tẹlifíṣàn onígbàjámọ̀, eré àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìjókòó fò láti orí àgbá bọ́ sórí òkúta. Ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n á kọ àmì burúkú kan sílẹ̀ fún wọn. O sáré wálé, o ní, "Bàbá mi, èyí ni mo fẹ́ máa ṣe." Inú mi dùn dé eegun. Mo yọ ìjókòó kúrò lára kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, mo gé irin rẹ̀ kúrú, mo tún un jó. Lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, a to àwọn pákó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù léra wọn, a yí àgbá méjì débẹ̀. Mò ń rìn tẹ̀lé ẹ lẹ́yìn, mo na ọwọ́ méjèèjì, kí n lè gbá ẹ mú tó o bá ń já bọ́. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ìdùnnú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn dín ẹ̀ṣẹ̀ mi kù tàbí ó fi kún un.

Ìyá Labalábá, ẹ̀yin ni aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ yín sì máa ń wá wòran. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní ká jẹ́ kí òun dán an wò. Háà! Ó gorí pákó mẹ́ta bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Labalábá, ẹ ṣáà rántí. Èmi náà ni mo kan kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi jíǹsì gbígbó rán ìbòrúnkún fún àwọn méjèèjì, ẹ sì ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọmọ yín bí mo ṣe ń ṣọ́ ẹ̀yìn tèmi. Tí Labalábá bá fẹ́ fò, ó máa kọ́kọ́ tẹ bíréèkì iwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ta lò ń kí?" Ó ní, "Mò ń sọ fún kẹ̀kẹ́ pé mo fẹ́ gbéra ni, Bàbá Ológìnní." A rẹ́rìn-ín títí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é. Ológìnní kò ṣe é rí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni Kóòṣì dé láti ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá. Ó ní àyè ọmọ kan ṣoṣo ló wà, ọmọ náà á máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á máa gbé e kiri ayé. Ọjọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ni òun máa wá wò wọ́n. Ta ni kò mọ ẹni tí wọ́n máa mú? Ìwọ alára, Ológìnní, o ní, "Bàbá mi, Labalábá ni. Èmi á tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀." Ọmọ ọdún méjìlá gbà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, èmi àgbààyà kò gbà. Mò ń sọ nínú mi pé èmi tí mo dá eré sílẹ̀ ládùúgbò yìí, ọmọ ẹni tó wá wòran ló fẹ́ gbé e lọ. Ìlara ni, ẹ má bá mi wá orúkọ míì fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rímù. Rímù yìí, irin róbótó tí táyà wọ̀ lé, ni rọ́bà bíréèkì ń dì mú. Kó lè dì í mú gan-in, kí ọmọ lè dúró lórí táyà kan níbi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo máa ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gbẹ́ rímù kó rí gbágungbàgun, mo sì máa ń fi kóòtà dúdú, ọ̀dà ojú títì, pa á. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí a bá lọ ọ́, ó ń fẹ́lẹ́ sí i ni. Tó bá ti tó bí ìgbà mẹ́rin, ẹni tó mọṣẹ́ á jù ú nù. Ní ọjọ́ Túsìdé tó ṣáájú Sátidé yẹn, ẹ gbé táyà iwájú ọmọ yín wá. Ẹ ní, "Bàbá Ológìnní, mo fi èékánná lù ú, kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀." Aránṣọ lásánlàsàn, ẹ gbọ́ ohun tó yẹ kí onírin gbọ́! Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo rí i, ìlà kan tín-ín-rín bí òwú yín. Rímù tuntun kan ṣoṣo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Mo ti gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́yìn ẹ̀wù iṣẹ́ mi, mo tọ́jú rẹ̀ de ọmọ mi. Mo wo ojú yín, mo ní, "Ìdọ̀tí ni, ẹ fi ọkàn balẹ̀." Ẹ ní, "Ṣé kò sí tuntun ni?" Mo ní, "Ó di oṣù tó ń bọ̀." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ẹ lọ, mo fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ dí ìlà náà, mo kùn ún, mo sì tún lọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ fún ara mi pé rímù náà kàn máa wọ́ díẹ̀, pé Labalábá á fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ọmọ mi á sì borí. Ọdún mẹ́rìnlélógún nídìí irin nígbà yẹn! Mo mọ bí irin ṣe ń já.

Ọ̀sán gangan ni lọ́jọ́ Sátidé náà, oòrùn kò jẹ́ kí nǹkan ní òjìji. Ológìnní kọ́kọ́ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ti Labalábá kò kan ilẹ̀ rárá títí ó fi dé orí ìtòpọ̀ pákó tó ga jù. Ẹ dúró lórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún. Ó ku kó fò bọ́ sórí ògiri. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo la ẹnu láti pariwo pé "Dúró!" Ọlọ́run ń gbọ́, mo la ẹnu, ahọ́n mi kò yí. Ó fò. Táyà iwájú balẹ̀ lórí ògiri, ó tẹ bíréèkì, rímù là, pàá! Ó dà sẹ́yìn. Gbogbo wa la rí i tí ọwọ́ yín di etí aṣọ rẹ̀ mú, tí aṣọ ya, tó bọ́. Akoto wà lórí rẹ̀, àmọ́ ọrùn ló fi gbalẹ̀.

Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Kóòṣì, ẹ̀yin àti Ológìnní wọlé tẹ̀lé e. Mo ní kí ẹ máa lọ, pé mo máa kó ẹrù. Ọmọ yín ṣì ń mí nígbà yẹn, Ìyá Labalábá. Ó ṣì ń mí, mo ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo tú rímù tó là, mo sì fi rímù tuntun sí i. Kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mo fi kóòtà àti iyanrìn pa á kó lè jọ èyí tó ti pẹ́. Rímù tí ì bá gbà á là, ìgbà tó já bọ́ tán ni mo tó fún un. Ìyẹn ni mo ṣe. Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ilẹ̀ mọ́, ó kú. Kóòṣì wá wo kẹ̀kẹ́, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, pé pákó ló dún, pé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ló yẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún yín, ẹ ní, "Ọwọ́ mi ni, Bàbá Ológìnní. Mo mú un, mo sì jẹ́ kó bọ́." Mo ní, "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù." Mi ò ní ẹ má dá ara yín lẹ́bi o. Mo ní jù. Mo wọn ẹ̀bi fún yín bí ẹni ń wọn iyọ̀. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń ki ọwọ́ yẹn bọ àpò, ẹ kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹnì kan bẹ̀ yín kí ẹ rán aṣọ ọmọ ìkókó, ẹ ní, "Ọwọ́ tó jẹ́ kí ọmọ bọ́, kí ni mo fẹ́ fi rán?" Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé. Ológìnní, ìwọ nìkan lo bi mí pé, "Bàbá mi, rímù tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù yín dà?" Mo gbá ẹ létí. Mi ò lù ẹ́ rí, mi ò sì lù ẹ́ mọ́. O ò tún béèrè.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà wá lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ ní, "Kí Ológìnní máa gùn ún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fẹ́ bẹ́ẹ̀." Rímù tí mo fi pamọ́ nítorí ọmọ mi, ọwọ́ yín ni mo ti gbà á fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ológìnní, o gorí pákó, o sì tẹ bíréèkì. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" O ní, "Kọ́ mi ní kí ni?" O fò, o balẹ̀ bí ìyẹ́. O ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá mi, mo mọ ọwọ́ yín lẹ́yìn mi." Ọmọ mi, iwájú rẹ ni mo dúró sí. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ.

Ológìnní ni Kóòṣì wá mú, ọdún mẹ́fà ló sì fi gùn ún nílé ẹ̀kọ́ yẹn, kò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ènìyàn ń kí mi kú oríire, òógùn ń bò mí. Ká ní Labalábá ń fìyà jẹ mí ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣọ́ ọmọ mi ni! Mo gbé rímù tó là fún ọkùnrin tó ń ra àlòkù irin kiri. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé e padà. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọdébìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, ó ní ẹ kò tíì ṣe é tán." Mo ní, "Ọmọ wo?" Ó ní, "Èyí tó fi jíǹsì bo orúnkún." Mo gbé e fún ẹlòmíràn. Òun náà gbé e padà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Mo wá ti rímù náà sínú àpótí, mo tì í sábẹ́ ibùsùn mi. Tó bá ti di ọ̀sán gangan, yàrá yìí á máa rùn fún kóòtà. Ìyàwó mi, kó tó kú, máa ń ní òun ò gbóòórùn kankan. Lẹ́yìn náà ni rímù máa ń dún lábẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wo aago. Ó kù díẹ̀.

Ológìnní, fa àpótí yẹn jáde. Má wò mí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, ṣáà fà á. O ti di ìyá báyìí, ọmọ rẹ náà sì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe àtẹ̀gùn fún un. Ó máa gòkè lóòótọ́, ìwọ ni kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ṣí àpótí, gbé rímù náà sórí ẹsẹ̀ wọn. Ìyá Labalábá, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ọ̀dà ti bó yẹn. Ẹ rí pọ́tì náà? Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lónìí, mi ò lẹ́nu ẹ̀. Ọwọ́ òsì lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò. Ọwọ́ yẹn di ọmọ yín mú. Òun nìkan ló dì í mú nínú gbogbo wa. Ẹ yọ ọ́, ẹ dárí jì í.