Àlá Tí N Kò Lá

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú. Pásítọ̀ mi náà kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá wa ló ti wà nínú mi. Ǹ bá ṣì máa gbé e kiri, ṣùgbọ́n àbúrò mi wá kí mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó sì fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́ tí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á. N kò ní dárúkọ ara mi. Àbúrò mi náà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Fẹ́mi.

Àwa méjì péré ni àwọn òbí wa bí. Ará Èkìtì ni wá. Tíṣà ni bàbá wa, owó tíṣà yẹn ni wọ́n sì fi kọ́ ilé kan sí Òkè-Àfá ní Èkó díẹ̀díẹ̀, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ àti koríko, tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń bi wọ́n pé ṣé ẹja ni wọ́n fẹ́ máa sìn níbẹ̀ ni. Ilé ńlá kọ́. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ wà níwájú, yàrá méjì wà lẹ́yìn lábẹ́ igi gúáfà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bàbá wa á wọ síngílẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n á mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á yí ilé náà po, wọ́n á máa ti ilẹ̀kùn wò bóyá ó tì dáadáa. Èmi àti Fẹ́mi á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, a ó máa wo ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà bó ṣe ń kọjá lójú fèrèsé. Tó bá ti kọjá tán, a ó sùn.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ kú. Nígbà tí ikọ́ pa bàbá wa, ọ̀dọ̀ wọn ni èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ń gbé, torí owó ilé tí à ń san ní Ìsọlọ̀ ti kọjá agbára wa. Fẹ́mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe rọ́bà, ó sì ń múra ìgbéyàwó. Àbúrò bàbá wa wá láti Adó láti bá wa pín ogún. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lálẹ́, wọ́n ní àwọn ti rò ó: tiwájú jẹ́ tèmi, yàrá méjì ẹ̀yìn jẹ́ ti Fẹ́mi. Wọ́n ní tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn á sọ ọ́ fún gbogbo wa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi ti wà lára yàrá méjì yẹn tipẹ́. Ọmọ mi ni mo fẹ́ fi í pa mọ́ fún. Mo ti mọ bó ṣe ń rí kí láńlọ́ọ̀dù dúró sẹ́nu ọ̀nà kó máa wo bàtà ọkọ ẹni láti mọ̀ bóyá ó sá pamọ́ sínú ilé. N kò fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́n láé. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì jí. N kò lá àlá kankan.

Láàárọ̀, a jókòó ní pálọ̀, a gbàdúrà. Kí bàbá Adó tó la ẹnu, mo bú sẹ́kún. Mo ní mo rí Dádì lójú àlá.

Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo mọ bí a ṣe ń sọ ìtàn tí ọmọ á fi gbàgbé ẹnu rẹ̀ ní lílà. Mo ní Dádì wọ síngílẹ́ẹ̀tì funfun wọn, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì wọn lọ́wọ́, wọ́n dúró lábẹ́ igi gúáfà. Mo ní wọn ò wúkọ́ mọ́. Mo ní wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n wá sọ pé, ‘Ọmọ mi àgbà, ìwọ ni kó o máa tọ́jú ilé yìí, tiwájú tẹ̀yìn. Ẹ má pín in. Sọ fún Fẹ́mi pé kó má bínú. Ilé tirẹ̀ ń bọ̀, yóò sì tóbi ju tèmi lọ.’

Bàbá Adó ṣí fìlà wọn. ‘Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀,’ ni wọ́n wí, ‘ta ni èmi?’

Mo rò pé Fẹ́mi á jà. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, omi ń dà lójú rẹ̀. Kò tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan nípa ilé. Ó ní, ‘Àǹtí mi, ṣé lóòótọ́ ni wọn ò wúkọ́ mọ́?’

Mo ní, ‘Wọn ò wúkọ́ rárá.’

Nígbà tí a ń pín ẹrù, tọ́ọ̀ṣì Dádì nìkan ló ní òun fẹ́.

Láti ìgbà náà, Fẹ́mi ti kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn débi pé n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi owó kún owó ilé, yàrá tó máa ń kó lọ máa ń kéré sí i. Kò ráhùn rí. Ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ilé tiwọn ń bọ̀. Lọ́dọọdún tí a bá ṣe ìrántí Dádì, a máa ń jókòó lábẹ́ igi gúáfà, Fẹ́mi á sì sọ àlá náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Nínú tirẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, gúáfà pípọ́n wà nílẹ̀ káàkiri, ẹsẹ̀ Dádì kò sì kan ilẹ̀. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti ya àwòrán ilé tó ń bọ̀ náà: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ojú ọ̀run, igi gúáfà wà lórí òrùlé rẹ̀. Èmi náà á jókòó síbẹ̀, n ó máa mi orí.

Ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, tí mo bá dá wà lábẹ́ igi náà, tí ohùn àwọn tírélà ń wá láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó ń kun orin sínú, mo máa ń rí Dádì gẹ́lẹ́ bí Fẹ́mi ṣe sọ ọ́. Á máa ṣe mí bíi pé mo lá àlá náà lóòótọ́. Àmọ́ n kò lá a. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, n kò rí wọn lójú oorun rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ̀ wọ́n títí.

Ọmọ mi ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn báyìí, òun àti ọkọ rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn. Wọn kò san kọ́bọ̀. Wọn kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Fẹ́mi wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Láńlọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ta ilé, ó ní kí gbogbo wọn jáde. Ó ti wá yàrá dé Àgọ́ Palace, ó ní àwọn ejẹ́ǹtì ibẹ̀ kò tilẹ̀ dìde fún òun. Ó wá a ní Ìsọlọ̀, ó wá a ní Èjìgbò. Mówè nìkan ni owó rẹ̀ ká, ibẹ̀ sì jìnnà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé ìwé àwọn ọmọ. Mo ń retí kó béèrè yàrá ẹ̀yìn. Kò béèrè. Ó gbé ọmọ-ọmọ mi mọ́ra, ó ń ṣeré fún un. Lẹ́yìn náà ló yọ tọ́ọ̀ṣì Dádì jáde nínú ọ̀rá.

‘Àǹtí mi,’ ó ní, ‘ẹ̀yin ni wọ́n máa ń yọ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n. Ilé tí wọ́n ní ó ń bọ̀ yẹn, ṣé kí n ṣì máa retí ẹ̀? Mo ti fi bátìrì tuntun sí i. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí yín, bóyá wọ́n á tètè rí ọ̀nà.’

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo lè tún pa irọ́ àlá mìíràn, kí Dádì ní kó máa kó bọ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn, kí ọmọ tèmi jáde lọ bá àwọn ejẹ́ǹtì. Fẹ́mi á gbà á gbọ́, á tún dọ̀bálẹ̀ fún mi. Tàbí kí n sọ òótọ́. Bí mo bá sọ ọ́, kì í ṣe yàrá nìkan ni n ó jẹ́wọ́ pé mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. N ó gba Dádì tí kò wúkọ́ mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló sì kù fún un. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo mọ̀. Ẹ má ṣe dá mi láre.

Tọ́ọ̀ṣì náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi. Láràárọ̀ ni Fẹ́mi ń pè mí kó tó lọ síbi iṣẹ́. ‘Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ rí wọn?’

Mo máa ń sọ fún un pé, ‘Rárá, Fẹ́mi. N kò rí wọn.’ Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ fún un nípa Dádì látọjọ́ yẹn, ìyẹn nìkan ni òótọ́. Ó sì máa ń dá mi lóhùn pé kí n má ṣèyọnu, pé wọ́n á wá.