Fọ́tò Kòkó Tó Ń Rú Èéfín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi fọ́tò kòkó mi tó ń rú èéfín sójú fóònù yín, ẹ jókòó dáadáa. Òótọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ń jáde lónìí, bí ẹ bá tilẹ̀ máa yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbọ́ tán.

Ọjọ́ tí wọ́n ń fọ́ kòkó lóko Màmá Dúpẹ́olúwa, ní Aládé, ló bẹ̀rẹ̀. Èrò yí òkìtì kòkó ká, kóńdó ń lu èèpo, orin ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ, àwàdà ń lọ. Èmi Àdúràọlá wà láàárín wọn pẹ̀lú kámẹ́rà, torí àwọn tó ń fi agbára wọn ṣiṣẹ́ ní Ìdànrè ni mo máa ń yà, káyé má baà rò pé òkè nìkan la ní. Mo gbójú sókè, ojú èmi àti ọmọkùnrin kan ṣe mẹ́rin. Hà! Òógùn ń dán lọ́rùn rẹ̀ bí àpáta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Mo gbàgbé láti tẹ kámẹ́rà.

"Sísítà, ṣé kámẹ́rà ló kú ni àbí ìwọ gan-an?" Felix tó jókòó tì í ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Olúlékè lorúkọ ọmọkùnrin náà. Òun ló ń ṣọ́ oko fún Màmá, Màmá sì ti ṣèlérí pé bí kòkó ọdún yìí bá dára, òun á gé ibì kan fún un nínú oko kó máa dá a fúnra rẹ̀. Mo délé, mo kọ lẹ́tà sí i: "Sí ìwọ tí ojú rẹ dá ọkàn mi dúró." Ojú tì mí, mo tì í bọ inú báàgì kámẹ́rà.

Ẹ wá gbọ́ ìwà mi. Tí wọ́n bá fọ́ kòkó tán, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró rẹ̀ pinpin kó lè gbóná dáadáa. Kí n tó kúrò lóko lọ́jọ́ yẹn, Olúlékè kìlọ̀ fún mi: "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn wọ ọ́ o. Tó bá ti tutù, ó bàjẹ́ nìyẹn." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọ́ padà síbẹ̀, mo ṣí ewé náà. Èéfín funfun gbéra nínú oòrùn, bí ìkùukùu àárọ̀ lórí Òkè Ìdànrè. Mo yà á, mo tún ṣí i sí i. Nígbà tí mo fẹ́ bò ó, ewé ti ya. Mo kàn tò ó lé e bí ọmọ ọ̀lẹ tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bá tèmi lọ. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án.

Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí kòkó náà láti yí i padà, ó ti bu funfun, eṣinṣin gan-an kọ̀ ọ́.

"Olúlékè, oorun lo lọ sùn!" Màmá pariwo. "Ilẹ̀ tí mo ní mo máa fún ọ, mo ti gbà á padà!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo bò ó dáadáa."

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo gbé kámẹ́rà sókè, mo ya ojú rẹ̀ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi ti èéfín yẹn, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Òṣìṣẹ́ Tó Ń Ronú." Ẹ̀yin náà lẹ tún yìn mí. Èmi ìkà!

Lánàá, wọ́n tún ń fọ́ kòkó. N kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo kòkó, mo na fọ́tò èéfín náà sí Màmá: "Màmá, èmi ni mo ṣí i. Olúlékè ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Màmá wò ó títí. "Ó mà rẹwà o. Ṣé kòkó mi tó o pa rèé?" Ó mí kanlẹ̀. "Olúlékè, ọmọ mi, má bínú. Ilẹ̀ rẹ ṣì ń dúró dè ọ́. Ìwọ oníkámẹ́rà, gbé e sílẹ̀, mú kóńdó."

Mo fọ́ kòkó títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi lé ròrò. Bí mo ṣe ń mí hẹlẹ, Olúlékè gbé kámẹ́rà mi, ó yà mí. Felix ké: "Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tó ń ronú!" Ẹ̀rín sọ.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń gbé kámẹ́rà kiri, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ṣí nǹkan oníǹkan.

Nírọ̀lẹ́ àná yẹn, èmi àti Olúlékè jọ ń fi ewé bo kòkó, ó ń tẹ̀ ẹ́ pinpin, ó sì ń wò mí.

"Àǹtí, ṣé kò tún ku nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́wọ́?"

Mo ti ọwọ́ tó lé ròrò yẹn bọ inú báàgì, mo fa lẹ́tà náà yọ, mo fi lé e lọ́wọ́.